Ìdúpẹ́ Ọjọ́ Ìkórè àti Owó Orí Bàbá Ọkọ Mi

Owó ọrẹ tí mo dá ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún yẹn, ìjọba ló san án padà fún mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Bí mo bá gbọ́ orin ìkórè níbì kan títí dòní, ọ̀rọ̀ náà a tún sọ sí mi lọ́kàn, ẹ̀rín a sì máa pa èmi nìkan bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, ní àwọn ọdún tí náírà ṣì jẹ́ tuntun lọ́wọ́ wa. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì owó orí kan ní Yábà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí fáànù rẹ̀ kì í yí àfi tí a bá fi igi ìgbálẹ̀ tì í. Tábìlì tiwa ló ń mójú tó àwọn olówó. Ọ̀gá wa, Àlàájì kan tí wọ́n bí sí Múṣìn, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ télọ̀, kì í pariwo, kì í gba rìbá, kì í sì í gbàgbé nǹkan. Ìwà mẹ́ta yìí lára ènìyàn kan ṣoṣo, ẹ ò rí i pé ó yẹ kí ẹ̀rù máa ba olówó.

Ti owó oṣù kò le. Kí owó oṣù tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti yọ owó orí lára rẹ̀. Ìdí ṣíà, ìpín tí ènìyàn rà nínú ilé-iṣẹ́, ni ìjà wà. Àsìkò yẹn ni ìjọba ní kí àwọn òyìnbó tó ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá nílẹ̀ wa ta nínú rẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀. Ha, ẹ wá wo àwọn ará Sùúrùlérè àti Yábà! Dókítà rà, lọ́yà rà, ọ̀gá ìjọba yá owó ní báńkì, ó rà. Nígbà tó yá, èrè ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sínú àpòòwé gígùn. Ilé-iṣẹ́ á ti yọ owó orí díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí owó tó ń wọlé fún un bá pọ̀ gan-an, díẹ̀ yẹn kò tó. Ó gbọ́dọ̀ kọ èrè náà sínú fọ́ọ̀mù wa lọ́dọọdún, kó sì san ìyókù fún ìpínlẹ̀. Àyè kan wà fún un nínú fọ́ọ̀mù náà: owó mìíràn tó ń wọlé.

Ohun tí gbogbo wọn ń kọ síbẹ̀ ni "Kò sí." Lọ́yà tó ní ilé mẹ́rin: kò sí. Dókítà tí mọ́tò rẹ̀ gùn ju yàrá wa lọ: kò sí. Inú máa ń bí mi débi pé mo máa ń dá fọ́ọ̀mù lóhùn. "Kò sí, kò sí, ṣé afẹ́fẹ́ lẹ fi ra mọ́tò ni?" Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé nǹkan ti ń ṣe mí.

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹwàá, Àlàájì wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní òun ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan lánàá, wọ́n ń ṣe ìkórè, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn sì dé ojú títì. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é nínú ìjọ wa lọ́jọ́ ìkórè. Olúkúlùkù á kọ ìdí ọpẹ́ rẹ̀ sínú ìwé péńpé, á fi owó tì í, akọ̀wé ìjọ á sì kà á sókè. Ìdílé báyìí dúpẹ́ fún ọmọ tuntun, náírà mẹ́wàá. Ìyá báyìí dúpẹ́ pé iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere, náírà márùn-ún. Bí ọpẹ́ bá ṣe tóbi tó ni ariwo halelúyà ṣe ń pọ̀ tó. Ta ló fẹ́ dákẹ́ síbẹ̀ nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ ń sọ tirẹ̀?

"Ọkùnrin kan dúpẹ́ fún èrè ṣíà ilé-iṣẹ́ méjì," Àlàájì wí. "Mo mọ orúkọ rẹ̀. 'Kò sí' ló kọ fún èmi. Fún èmi, kò sí. Fún Ọlọ́run, ó wà."

Mo ní, "Àlàájì, ṣé àwa Kìrìsítẹ́nì nìkan ni? Àwọn tiyín tó ń ti Mẹ́kà dé ńkọ́, tí wọ́n ń pe gbogbo àdúgbò?"

"Àwọn tiwa wà lọ́wọ́ mi. Ìwọ, Àǹtí Akọrin, àwọn tiyín wà lọ́wọ́ rẹ."

Bí mo ṣe di amí inú ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ ìkórè tirẹ̀, nítorí náà mo ń ti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, láti Yábà dé Sùúrùlérè, pẹ̀lú gèlè àti báàgì ọwọ́. Mi ò sì lè jókòó kí igbá ọrẹ máa kọjá kí n máa wo òkè. Mo bá kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó ọ́fíìsì: owó ọrẹ, kọ́bọ̀ márùndínlọ́gbọ̀n, lẹ́ẹ̀mejì. Akọ̀wé owó ní ìwé ẹ̀rí dà. Mo ní kó lọ bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àlàájì fọwọ́ sí i láìgbójú sókè.

Mo gbádùn iṣẹ́ náà, kí n má purọ́. Ní ibì kan, alága ẹgbẹ́ àwọn tí kì í mutí dúpẹ́ fún èrè ṣíà ilé-iṣẹ́ ọtí bíà. Gbogbo ìjọ dákẹ́ lọ gbári, títí ìyá àgbà kan níwájú fi ní, "Àmín, kó máa pọ̀ sí i." Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé orin mi pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Mo jẹ móínmóín ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́fà. Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti Àlàájì á fi orúkọ wé fọ́ọ̀mù, màá sì jókòó ti táípù, màá tẹ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n mú ìwé èrè wọn wá kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó wá kan ṣọ́ọ̀ṣì tèmi ní Sùúrùlérè.

Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa ti darúgbó nígbà náà. Ohùn kan wà láàárín rẹ̀ tí kì í dún mọ́ rárá. Bí orin bá ti dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde, fúù, àwa akọrin á sì fi ọ̀fun wa dí i. Orí ríra dùùrù tuntun ni ìkórè ọdún yẹn dá lé. Ẹni tó sì ń lé ọ̀rọ̀ náà kiri jù ni wọ́dìn ìjọ wa, ọ̀gá àgbà kan lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọkùnrin gíga tó máa ń na ìka sókè kó tó sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ ni àfẹ́sọ́nà mi. Sátidé kẹta sí ìkórè náà ni wọ́n dá láti wá rí àwọn ẹbí mi, kí ilé méjèèjì mọra, kí wọ́n tọrọ mi.

Akọ̀wé ìjọ gbé ìwé wọ́dìn sókè. Ó dúpẹ́ fún ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Ó dúpẹ́ fún ìyàwó tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin yíjú wò mí, mo tẹrí ba, inú mi dùn bíi kí n fò. Lẹ́yìn náà ó dúpẹ́ fún èrè ṣíà ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí Olúwa fi bù kún un, ó sì ṣe ìlérí ẹgbẹ̀rún kan náírà fún dùùrù tuntun. Ṣọ́ọ̀ṣì hó yèè. Àwọn ìyá bọ́ sáàárín, wọ́n ń jó. Èmi ò jó. Mo mọ fọ́ọ̀mù ọkùnrin yẹn. Ọwọ́ mi ló tò ó sínú fáìlì. "Kò sí" ló wà níbẹ̀, ní ìkọ̀wé tó rẹwà, pẹ̀lú yíǹkì dúdú.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyá mi. Olùkọ́ ni, opó ni, ó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì lórí àtẹ.

"Ṣé wọ́n rí ọ pé o kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Mi ò tíì kọ ọ́, Màámi."

"Ó parí nìyẹn. Àbí ìjọba lo fẹ́ fẹ́ ni?"

Mi ò kọ ọ́. Lọ́jọ́ Ajé, Àlàájì ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì tiyín ńkọ́?" Mo ní, "Wọ́n dúpẹ́ fún ọmọ, sà. Ọmọ pọ̀ lọ́dún yìí." Ó ní ó dáa, kí Ọlọ́run dá wọn sí. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo ṣe gírí. Mo sọ fún ara mi pé ọkọ mi ni mo ń gbèjà.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàbá arúgbó kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ní Yábà gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ti kọ lẹ́tà sí i ṣáájú. Èrè ṣíà tirẹ̀ náà ni mo gbọ́ lẹ́nu akọ̀wé ìjọ wọn. Ó gbé gbogbo àpòòwé rẹ̀, tó fi okùn dì dáadáa, sórí tábìlì mi. "Ọmọ mi," ó ní, "wọ́n ti yọ owó orí níbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo rò pé ó parí síbẹ̀ ni. Mi ò jalè o." Mo ní mo mọ̀, sà. A ṣírò ó, ó kọ ìwé sọ̀wédowó, kò jiyàn. Nígbà tó dìde, ó dúró.

"Mo kàn fẹ́ bi ọ́ ni o. Ṣé gbogbo wa lẹ kọ lẹ́tà sí?"

Mo ní, "Gbogbo yín ni, sà."

"Tó bá ti jẹ́ gbogbo wa, kò burú." Ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó di igi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mú.

Mo jókòó síbẹ̀, mi ò lè tẹ nǹkan kan. Irọ́ kejì tí mo pa láàárín ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Èmi tí mo ń bú àwọn olówó tọ̀sán-tòru nítorí "Kò sí", èmi náà ti kọ tèmi, mo sì ti fọwọ́ sí i. Inú mi bàjẹ́ gidi gan-an. Mo dìde, mo kan ilẹ̀kùn Àlàájì.

"Àlàájì, ó ku ẹnì kan."

Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó gbé fọ́ọ̀mù kan sórí tábìlì. Ti wọ́dìn wa ni! Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.

"Kafíńtà mi ń gbé àdúgbò yín," ó ní. "Ta ni kò tíì gbọ́ ẹgbẹ̀rún kan náírà?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò bi mí, sà?"

"Mo bi ọ́. O ní ọmọ pọ̀ lọ́dún yìí."

Kò bú mi. Ó ní òun gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wà nílẹ̀, òun lè ní kí ẹlòmíràn tẹ lẹ́tà náà. Mo ní rárá, ọwọ́ tó tẹ ti oníkẹ́míìsì ló máa tẹ ti wọ́dìn. Ìwé mẹ́ta ni mo bà jẹ́ kí n tó tẹ ọ̀kan tó pé. Mo gbé e lọ sí pósítì fúnra mi, kí ọkàn mi má baà yí padà lọ́nà.

Ní Sátidé kejì, àfẹ́sọ́nà mi dé. Ẹlẹ́rọ tẹlifóònù ni, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Lọ́jọ́ náà kò jókòó.

"Bàbá gba lẹ́tà kan lánàá. Láti ọ́fíìsì yín."

"Ẹ̀gbọ́n, láti ọwọ́ mi ni."

 Ó ní bàbá òun gbé lẹ́tà náà sórí tábìlì oúnjẹ, ó ń kà á, ó ń ká a, ó tún ń kà á. "Ṣé o ò rí ẹlòmíràn tó lè tẹ̀ ẹ́ ni?"

"Bí ẹlòmíràn bá tẹ̀ ẹ́, ṣé owó náà á dín ni?" Mo ń sunkún, mo tún ń bínú, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Ó lọ láìmu omi. Lọ́jọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́dìn gbé igbá ọrẹ kọjá níwájú àwa akọrin, kò wò mí. Mo fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí wọn ò bá wá ní Sátidé, mi ò mọ ibi tí màá gbé ojú mi sí.

Sátidé pé. Aago méjì la dá. Ìyá mi se ìrẹsì, ó din ẹran, ó tẹ́ aṣọ orí tábìlì tuntun tó rà ní ọjà Tẹ̀júoṣó. Aago méjì lù, ààbọ̀ lù. Ó ń yọjú ní fèrèsé, kò sì bá mi wí, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù nígbà tí mọ́tò méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá wọlé pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀ mẹ́fà, àfẹ́sọ́nà mi lẹ́yìn pátápátá. Kò rẹ́rìn-ín. Apẹ̀rẹ̀ èso àti páálí míníràlì tí wọ́n kó wá, ìta ni wọ́n fi í sílẹ̀ sí. Mo rí i láti inú yàrá. Àbúrò bàbá mi kí wọn káàbọ̀, ó fẹ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Bàbá na ìka sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí a tó sọ ohunkóhun, ẹ pe ọmọ yẹn fún mi. Mo ní ìbéèrè."

Mo jáde, mo kúnlẹ̀. Ó yọ lẹ́tà náà nínú àpò agbádá.

"Ta ló tẹ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"O mọ̀ pé èmi lò ń kọ ọ́ sí?"

"Mo mọ̀, sà."

 Bàbá wọ awò ojú rẹ̀.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ lẹ́tà ìjọba. Ìjọba kì í bẹ ènìyàn. 'Plíìsì' kan ṣoṣo la máa ń fi sí i, nígbà mìíràn a ò ní fi ìkankan sí i. Mo ka ti inú eléyìí, mẹ́rin ni. Plíìsì ẹ wá. Plíìsì ẹ mú ìwé yín dání. Plíìsì ẹ má bínú. Èyí tó kẹ́yìn, mi ò tilẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀." Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Mo ní lẹ́tà yìí, ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló kọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì fi í sí pósítì."

Ó yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o. Ọmọ tí kò bá wa jalè, kò ní jà wá lólè. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ yẹn wọlé."

Háà! Ilé hó. Ìyá mi bú sẹ́kún, ó tún bú sẹ́rìn-ín, ó gbàgbé pé olùkọ́ ni òun, ó ń ju ìdí. Ohun tó mú wọn pẹ́ ni pé Bàbá ń wá àpòòwé èrè kiri gbogbo dúrọ́ọ̀ ilé rẹ̀ láti àárọ̀. Òun náà rò pé ilé-iṣẹ́ ti yọ ti ìjọba tán. Ó kó gbogbo wọn jáde nínú àpò kejì, ó ní kí n gbà á. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Mo ní, "Ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé, sà. Plíìsì."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́.

Ó wá lóòótọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bíi gbogbo ènìyàn, ó san ti ọdún náà àti ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀. Owó náà kò kéré. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, akọ̀wé ìjọ tún ka ìwé péńpé kan láti ọ̀dọ̀ wọ́dìn: ó dúpẹ́ pé òun ti san owó orí òun pé, ó sì ń bẹ ìjọ pé ìlérí dùùrù ti di igba náírà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ké halelúyà. Ìyá mi ni.

Lẹ́yìn Àjíǹde la ṣe ìgbéyàwó, owó dùùrù tuntun kò tíì pé, dùùrù àtijọ́ náà ni wọ́n sì fi lu orin fún mi. Mo di apá àbúrò bàbá mi mú, mò ń wọlé bọ̀, ìbòjú funfun bò mí lójú. Àlàájì wà lórí àga ìkẹyìn, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè díẹ̀ kí n rí i pé kò mú pẹ́ńsùlù dání. Orin dé ibẹ̀. Fúù.

Bàbá tẹ̀ síwájú láti orí àga rẹ̀ bí mo ṣe ń kọjá. "Ìyàwó, ṣé o gbọ́ ọ? Owó orí mi nìyẹn."

Mo ní lábẹ́ ìbòjú, "Ìjọba ń kí yín, sà."

Ó rẹ́rìn-ín sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà gbójú wò ó. Nígbà tí orin tún yí padà dé ibi tí ohùn náà ti sọnù, àwọn akọrin ẹgbẹ́ mi la ẹnu láti dí i bí a ti máa ń ṣe. Bàbá ti ṣáájú wọn. Ó fi ohùn gbàǹgbà tirẹ̀ dí i fún mi, ó sì ṣì í kọ.